Bí Ògiri Kò Bá Lanu: Àyẹ̀wò Ìwé Ìdágbére George Washington

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé òwe kan ṣoṣo ni ó gbọdọ̀ ṣe àkójọpọ̀ ohun tí George Washington, Ààrẹ àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, kọ sí àwọn ará ìlú rẹ̀ ní ọdún 1796, òwe yìí ni ìbá jẹ́. Ìwé náà ni gbogbo ayé mọ̀ sí Ìwé Ìdágbére rẹ̀. Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni ó jáde nínú ìwé ìròyìn kan ní ìlú Philadelphia. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni, pé Ààrẹ dìde níwájú àwùjọ ni ó sì sọ ọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Washington kò ka ọ̀rọ̀ náà sí etígbọ̀ọ́ àwùjọ kankan. Ìwé ni ó kọ, àwọn òǹtẹ̀wé ni wọ́n sì bá a tàn án ká.

Èrò tí ó wọ́pọ̀ nípa ìwé yìí ni pé ìkìlọ̀ lásán ni ó jẹ́, pé kí Amẹ́ríkà má ṣe bá ilẹ̀ òkèèrè da nǹkan kan pọ̀. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin yóò rí i pé èrò yìí kò kún ojú ìwọ̀n. Ọ̀rọ̀ ilé ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ òde kàn jẹ́ àbájáde ọ̀rọ̀ ilé ni. Àyẹ̀wò yìí yóò tọpa bí òǹkọ̀wé náà ṣe so méjèèjì pọ̀, yóò fi ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti dára hàn, yóò sì tọ́ka sí àwọn ènìyàn tí ọ̀rọ̀ náà kò kà kún ará ilé.

Ìpìlẹ̀ Ọ̀rọ̀

Ọ̀rọ̀ kì í ṣàdédé wáyé. Nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́tàlá tí ó di Amẹ́ríkà ń bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jà láti gba òmìnira, ilẹ̀ Faransé ni ó gbè wọ́n. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kejì ọdún 1778, Faransé àti Amẹ́ríkà tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pé àwọn yóò máa ran ara àwọn lọ́wọ́. Ogun náà parí ní 1783. Wọ́n kọ ìwé òfin ìpìlẹ̀ tuntun ní 1787, Washington sì di Ààrẹ ní 1789. Ọdún 1789 yìí kan náà ni rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé. Nígbà tí ó di oṣù kìíní ọdún 1793, àwọn ará Faransé ti bẹ́ orí ọba wọn; ní oṣù kejì, wọ́n kéde ogun sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìṣòro ńlá ni èyí jẹ́ fún orílẹ̀-èdè tí ayé kò tí ì fọwọ́ sí òmìnira rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Ẹni tí ó ràn án lọ́wọ́ lánàá ni ó dojú ìjà kọ ẹni tí ó ń bá a ṣòwò jù lọ. Bí erin méjì bá sì ń jà, koríko abẹ́ wọn ni ó ń jìyà. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹrin ọdún 1793, Washington kéde pé Amẹ́ríkà kò ní gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú ìjà náà. Ṣùgbọ́n kí ó tó kéde ni Edmond Genet, ikọ̀ tí ilẹ̀ Faransé rán wá, ti gúnlẹ̀ sí Charleston. Ọkùnrin yìí bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọlọ́kọ̀ òkun ní ìwé àṣẹ láti máa kó ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, láti èbúté Amẹ́ríkà gan-an. Nígbà tí ìjọba dá a lẹ́kun, ìròyìn kàn pé ó ní òun yóò fi Ààrẹ sílẹ̀, òun yóò sì pe ẹjọ́ sí ọ̀dọ̀ àwọn ará ìlú fúnra wọn.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà kò káwọ́ gbera. Wọ́n ń gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ àwọn oníṣòwò Amẹ́ríkà tí ó ń ná ọjà àwọn erékùṣù Faransé. Washington rán John Jay lọ sí London láti lọ pẹ̀tù sí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì tọwọ́ bọ àdéhùn ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1794. Gẹ̀ẹ́sì gbà láti kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kúrò ní àwọn ibùdó tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ará ìlú gbà pé Jay ti ta àwọn lọ́pọ̀. Wọ́n mọ ère rẹ̀, wọ́n sì dáná sun ún ní ìgboro. Ní 1795, ènìyàn ogún ni ó fọwọ́ sí àdéhùn náà ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà, mẹ́wàá kọ̀ ọ́. Bí ẹyọ ẹnì kan bá yẹsẹ̀ láàárín àwọn ogún náà, àdéhùn ti fọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 1796, nígbà tí ó kan owó tí wọn yóò fi mú un ṣẹ, 51 sí 48 ni ìbò Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú.

Báyìí ni ìlú pín sí méjì. Ẹgbẹ́ Federalist, tí Alexander Hamilton jẹ́ òpómúléró rẹ̀, fẹ́ràn àjọṣe pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹgbẹ́ Republican ti ìgbà náà, tí Thomas Jefferson àti James Madison ń darí, fẹ́ràn Faransé. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ti di ohun tí ará ilé fi ń dá ara wọn mọ̀. Ògiri ti lanu nìyẹn kí Washington tó mú kálàmù.

Ta Ni Ó Ni Ọ̀rọ̀?

Ní 1792 ni Washington ti kọ́kọ́ fẹ́ fẹ̀yìn tì, Madison ni ó sì bá a ṣe àkọsílẹ̀ ìdágbére nígbà náà. Wọ́n rọ̀ ọ́ kí ó dúró, ó sì dúró. Nígbà tí ó di 1796, ó fi àkọsílẹ̀ Madison àti àfikún tirẹ̀ ránṣẹ́ sí Hamilton, ẹni tí ó ti ṣe akọ̀wé ìṣúra fún un rí. Hamilton tún ọ̀rọ̀ náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Washington gbà á, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà á kọ, ó ń yọ kúrò, ó sì ń fi kún un títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Nítorí èyí, àwọn kan máa ń sọ pé Hamilton ni ó ni ìwé náà. Iyàn yìí kò yẹ kí ó ṣòro fún Yorùbá láti parí. Iṣẹ́ tí a bá rán ni ni à ń jẹ́. Bí ọba bá rán ìránṣẹ́ sí ìlú, ọ̀nà tí ìránṣẹ́ gbà gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ lè dára ju ti ọba lọ, síbẹ̀ ọba ni ó ni ọ̀rọ̀, nítorí pé orí rẹ̀ ni ẹ̀bi tàbí ẹ̀yẹ yóò padà sí. Èrò Washington ni ó wà nínú ìwé náà. Hamilton ni ó fún un ní ẹ̀wù tí ó wọ̀.

Ohun méjì ni ó ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé yìí. Èkínní ni pé nígbà tí ó fi di 1796, Madison àti Hamilton ti di alátakò ara wọn pátápátá. Ìwé tí ó ń kìlọ̀ fún ìlú nípa ìjà ẹgbẹ́ òṣèlú ni ọwọ́ aṣíwájú ẹgbẹ́ méjèèjì wà lára rẹ̀. Èkejì ni pé nínú àfikún tí Washington fúnra rẹ̀ kọ, ó fi ìbínú ráhùn sí àwọn oníwèé ìròyìn tí wọ́n ń bú u. Hamilton kò jẹ́ kí ìráhùn náà jáde. Bí ó bá jáde ni, ohùn ẹni tí ara ń ta ni ìlú ìbá gbọ́. Èyí tí wọ́n gbọ́ ni ohùn àgbà tí kò fẹ́ kí orí ọmọ tuntun wọ́ lọ́jà.

Ìtòlẹ́sẹẹsẹ àti Ìlò Èdè

Bí wọ́n ṣe to ìwé náà gan-an jẹ́ apá kan nínú àríyànjiyàn rẹ̀. Ó kọ́kọ́ sọ pé òun kò ní du ipò mọ́. Láti ibẹ̀ ó bọ́ sórí ìṣọ̀kan, ó bọ́ sórí ìwé òfin ìpìlẹ̀, ó bọ́ sórí ewu ẹgbẹ́ òṣèlú, ó mẹ́nu ba ẹ̀sìn, ìwà ọmọlúàbí, owó ìlú àti ìmọ̀ ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn gbogbo ìwọ̀nyí ni ó tó kan àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Ilé ni ó kọ́kọ́ tún ṣe kí ó tó yọjú sí ìta. Ẹni tí ó bá kàn ṣí ìwé náà sí ìdajì ìkẹyìn, tí ó sì ń fa ọ̀rọ̀ yọ níbẹ̀, gégùn-ún ọ̀rọ̀ kúrò lára gbòǹgbò rẹ̀ ni.

Ọ̀nà tí ó gbà kọ́ àwọn ènìyàn ní ìfẹ́ orílẹ̀-èdè yẹ fún àkíyèsí. Kò kàn pàṣẹ fún wọn pé kí wọ́n fẹ́ràn ilẹ̀ wọn. Ìṣirò ni ó ṣe fún wọn. Ó ní àwọn ará àríwá ń rí ohun èlò láti gúúsù fún iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Àwọn ará gúúsù ń rí ọkọ̀ òkun àti ọjà láti àríwá. Ará ìwọ̀-oòrùn kò lè gbé irè oko rẹ̀ débi kankan láìsí àwọn èbúté ìlà-oòrùn. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Lẹ́yìn tí ó ti fi èrè han oníkálukú ni ó wá sọ fún wọn pé orúkọ orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ dùn mọ́ wọn ju orúkọ agbègbè kankan lọ. Ó mọ̀ pé a kò bí ìfẹ́ orílẹ̀-èdè mọ́ àwọn ènìyàn yìí, nítorí pé ará Virginia àti ará Massachusetts ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ́. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n yóò fi kọ́ ìfẹ́ náà bí a ṣe ń kọ́ ilé. Abájọ tí àfiwé ilé àti òpó fi jẹ yọ nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan.

Ìbéèrè tí kò fẹ́ ìdáhùn ni ọ̀nà èdè mìíràn tí ó lò, pàápàá ní apá tí ó kan ilẹ̀ òkèèrè. Ó ń bi àwọn òǹkàwé léraléra pé kí ni ó lè mú ẹni tí ó ní ilẹ̀ tirẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ láti lọ dúró sórí ilẹ̀ onílẹ̀. Ìbéèrè náà ń gun ara wọn lẹ́sẹẹsẹ débi pé òǹkàwé yóò ti máa dá wọn lóhùn nínú ọkàn rẹ̀ kí ó tó mọ̀. Àléébù kan wà níbẹ̀ ṣá o. Gbólóhùn ìwé náà gùn, ó sì díjú, bí ìgbà tí lọ́yà ń di gbogbo ihò tí alátakò lè gbà yọ. Òǹkàwé tí kò bá ní sùúrù lè sọ orí ọ̀rọ̀ nù kí ó tó dé ìdí rẹ̀.

Ìfẹ́ àti Ìkórìíra

Ibi tí ìwé yìí ti ga jù lọ ni ibi tí ó ti kà ìfẹ́ àfẹ́jù àti ìkórìíra sí àrùn kan náà. Òǹkọ̀wé mìíràn ìbá dúró lórí ìkórìíra nìkan. Washington ní orílẹ̀-èdè tí ó bá kórìíra òmíràn yóò máa rí àfojúdi níbi tí kò sí, yóò sì tètè yọ idà. Èyí tí ó bá fẹ́ràn òmíràn láfẹ́jù yóò máa rò pé ire ẹni yẹn ni ire òun, yóò fún un ní ohun tí kò yẹ, yóò bá a jà ìjà tí kò kàn án, yóò sì máa pe àwọn ọmọ ilẹ̀ ara rẹ̀ tí ó bá sọ òtítọ́ ní ọ̀dàlẹ̀. Ó ní irú orílẹ̀-èdè bẹ́ẹ̀ ti di ẹrú dé ìwọ̀n kan: ẹrú ìkórìíra rẹ̀ tàbí ẹrú ìfẹ́ rẹ̀.

Ìtumọ̀ òmìnira tí ó jinlẹ̀ ni èyí. Kíkó àwọn ọmọ ogun àjèjì kúrò nílẹ̀ nìkan kò tó. Orílẹ̀-èdè tí kò lè fi orí ara rẹ̀ ronú ṣì wà lábẹ́ ẹlòmíràn. Nítorí náà ìfẹ́ ilẹ̀ ẹni nínú ìwé yìí kò fara jọ ìkórìíra àjèjì. Ìdájọ́ tí ó wà lọ́wọ́ ẹni fúnra ẹni ni.

Láti orí ìpìlẹ̀ yìí ni ó ti fa ìlànà rẹ̀ yọ. Ó ní kí Amẹ́ríkà bá gbogbo ayé ṣòwò, kí ó sì jẹ́ kí àjọṣe òṣèlú mọ níwọ̀n. Ó ní kí wọ́n mú àwọn ìlérí tí wọ́n ti ṣe ṣẹ. Ó ní kí wọ́n yẹra fún àdéhùn ìgbèjà ayérayé, ṣùgbọ́n ó fàyè sílẹ̀ fún èyí tí kò ní pẹ́ bí ọ̀ràn pàjáwìrì bá dé. Àwọn Yorùbá ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Òwe náà kò ní kí ọmọdé má ṣeré. Ó kàn ní kí wọ́n má fi ogún ọdún búra. Èrò Washington nìyẹn gẹ́lẹ́. Gbólóhùn tí wọ́n sábà máa ń kà sí i lọ́rùn, èyí tí ó sọ pé àdéhùn ìgbèjà a máa lọ́ mọ́ ènìyàn lẹ́sẹ̀, kì í ṣe tirẹ̀. Jefferson ni ó lo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó gorí àlééfà ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ọdún 1801.

Ibi Tí Ọ̀rọ̀ Kù Sí

Bí iṣẹ́ náà ti dára tó, ó ní ibi tí ó kù sí. Àkọ́kọ́, ó pe ara rẹ̀ ní ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ àtijọ́ tí ó ní ìfẹ́ sí gbogbo ará ìlú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ ń bá wí. Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ìdìbò kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà tí ìwé náà jáde, àwọn ọ̀rẹ́ Faransé ni òkò náà sì bà jù. John Adams, ti ẹgbẹ́ Federalist, ni ó wọlé pẹ̀lú ìbò 71 sí 68 ti Jefferson. Òtítọ́ ni pé Adet, ikọ̀ ilẹ̀ Faransé, fi ìkìlọ̀ Washington hàn bí òótọ́ nígbà tí ó ń ṣe ìpolongo fún Jefferson ní gbangba. Síbẹ̀, ìwé tí ó ń bú ẹgbẹ́ òṣèlú ṣe iṣẹ́ ẹgbẹ́ kan.

Èkejì wúwo ju èyí lọ. Ọ̀rọ̀ náà “ẹrú” wà nínú ìwé yìí, ṣùgbọ́n àfiwé lásán ni. Kò sí ibì kan tí wọ́n ti lò ó fún ẹrú gan-an. Bẹ́ẹ̀ ni ìkànìyàn ọdún 1790 ti fi hàn pé nǹkan bí 700,000 ẹrú ni ó wà nínú nǹkan bí 3,900,000 ènìyàn tí ń gbé ilẹ̀ náà. Ìwé náà ka èrè tí gúúsù ń mú wá fún ìṣọ̀kan, kò sì dárúkọ àwọn tí ń fi ọwọ́ wọn mú èrè náà jáde. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1796 kan náà, Ona Judge, ọmọbìnrin tí ó jẹ́ ẹrú ní ilé Ààrẹ ní Philadelphia, sá jáde nígbà tí àwọn olówó rẹ̀ ń jẹun, ó sì wọ ọkọ̀ òkun lọ sí New Hampshire. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, nígbà tí ìwé ìdágbére kò tí ì jáde, Washington kọ̀wé sí akọ̀wé ìṣúra rẹ̀ pé kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bá òun mú un padà. Kò padà títí ó fi kú ní 1848. Nínú ìwé ogún rẹ̀ ti ọdún 1799, Washington fi àwọn ẹrú tí ó jẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ pé kí wọ́n di òmìnira lẹ́yìn ikú ìyàwó òun. Ona kò sí lára wọn, nítorí pé dúkìá ìdílé Custis ni òfin kà á sí. Ọ̀rọ̀ tí ó ní orílẹ̀-èdè tí kò lè dá ronú ti di ẹrú kò ní gbólóhùn kan fún ọmọbìnrin tí ó dá ronú, tí ó sì dìde.

Ẹ̀kẹta ni ti àwọn tí ó ni ilẹ̀ náà kí àwọn aláwọ̀ funfun tó dé. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 1796, Washington kọ ìwé ọ̀tọ̀ sí àwọn Cherokee, ó ń gbà wọ́n níyànjú kí wọ́n máa dáko, kí wọ́n máa sin ẹran, kí àwọn obìnrin wọn sì máa rànwú, kí wọ́n máa hun aṣọ. Ìwé méjì, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: ọ̀kan fún ará ilé, ọ̀kan fún àwọn tí wọn kò kà kún ará ilé. Nígbà tí ìwé ìdágbére wá sọ pé ẹ̀sìn kan, ìwà kan àti àṣà kan ni gbogbo ará ìlú ní, àyàfi ìyàtọ̀ díẹ̀, ó ti kọ́kọ́ yọ àwọn tí ìyàtọ̀ wọn pọ̀ kúrò nínú kíkà.

Ìdánwò Ọ̀rọ̀

Àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e dán ọ̀rọ̀ náà wò. Láti 1798 dé 1800, Amẹ́ríkà àti Faransé ja ogun lórí òkun láìkéde ogun. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ní 1800 ni ó fòpin sí ti 1778. Ní 1798 kan náà, ìjọba Adams ṣe òfin tí wọ́n fi ju àwọn oníwèé ìròyìn alátakò sẹ́wọ̀n. Èyí fi hàn bí ìkìlọ̀ nípa àjèjì ṣe lè di pàṣán lọ́wọ́ ìjọba. Ìrètí pé òwò lè wà láìsí òṣèlú náà kò pẹ́ kí ó tó já. Òwò orí òkun ni ó bí òfin ọdún 1807 tí ó dá ọkọ̀ Amẹ́ríkà dúró sí èbúté, ó sì wà lára ohun tí ó bí ogun pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì ní 1812, nínú èyí tí wọ́n ti sun ilé Ààrẹ ní oṣù kẹjọ ọdún 1814.

Ìdánwò tí ó le jù ni ti Haiti. Nígbà tí àwọn ẹrú Saint-Domingue dìde ní 1791, ìjọba Washington fún àwọn ọlọ́gbà Faransé ní owó àti ohun ìjà. Láàárín àwọn tí wọ́n wà lóko ẹrú níbẹ̀ ni àwọn tí wọ́n ń pè ní Nàgó wà, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá. Haiti gba òmìnira ní 1804, ọ̀nà kan náà tí Amẹ́ríkà gbà gba tirẹ̀. Ní 1806, ìjọba Jefferson fòfin de òwò pẹ̀lú rẹ̀, Amẹ́ríkà kò sì fọwọ́ sí i pé orílẹ̀-èdè ni títí di 1862. Ìwé ìdágbére ní kí wọ́n ṣe òdodo sí gbogbo orílẹ̀-èdè. Ìkórìíra àti ìbẹ̀rù ni wọ́n fi bá Haiti lò, bẹ́ẹ̀ sì ni ìwé náà ti sọ pé ẹrú ìkórìíra kì í ṣe òmìnira.

Ìkádìí

Láti 1896 ni wọ́n ti ń ka ìwé yìí lọ́dọọdún ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì ti kọ́kọ́ kà á níwájú ìpàdé àpapọ̀ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin méjèèjì ní 1862, nígbà tí ìṣọ̀kan tí ó kìlọ̀ nípa rẹ̀ ti fọ́, tí ará àríwá àti ará gúúsù ń pa ara wọn nítorí ọ̀rọ̀ ẹrú. Ní 1949, Amẹ́ríkà wọ àdéhùn ìgbèjà onígbà pípẹ́ pẹ̀lú àwọn ará Yúróòpù, kò sì dẹ́kun kíka ìwé náà. Kò sí ìtakora ńlá níbẹ̀. Àṣẹ inú ìwé náà ti di ti àtijọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò tí ì gbó.

Iṣẹ́ tí ó níyì ni Ìwé Ìdágbére, nítorí pé ó rí i pé ohun tí ó ń ṣe orílẹ̀-èdè lóde, inú ilé ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó wo ògiri yíká, ó rí ihò tí ẹgbẹ́ òṣèlú lu, ó rí èyí tí ikọ̀ àjèjì ń gbà yọjú, kò sì fẹ́ rí èyí tí ó tóbi jù, tí ó wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná tirẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ògiri gbà wó ní 1861. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń ka irú ọ̀rọ̀ àgbà bẹ́ẹ̀ ní láti gbọ́ ohun tí ó sọ. Kí ó sì béèrè ẹni tí kò dárúkọ.